Ta Ni Òkú Wa? Ìrìn Ẹsẹ̀ Láàrin Àwọn Ibi Ìrántí Ogun ní Niamey

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024, àwọn ológun tó ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè Niger yí orúkọ òpópónà àti gbàgede mélòó kan padà ní Niamey, olú ìlú wọn. Òpópónà Charles de Gaulle di Òpópónà Djibo Bakary. Gbàgede Francophonie di ti Àjọṣe Àwọn Orílẹ̀-èdè Sahel, AES. Wọ́n yọ àwòrán ọ̀gágun Faransé kan, Parfait-Louis Monteil, kúrò lára òkúta tí wọ́n fín in sí, wọ́n fi ti Thomas Sankara rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni ti ọwọ̀n ìrántí àwọn ọmọ ogun tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ báyìí ni Bubandey Batama, èyí tó túmọ̀ sí "fún àwọn òkú wa" ní èdè Zarma. Ìjọba ní kì í ṣe àwọn ọmọ ogun yẹn nìkan ni ọwọ̀n náà yóò máa rántí mọ́. Ó ti di ti gbogbo ẹni tó kú, sójà àti aráàlú, láti ìgbà ìmúnisìn títí di òní.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni "wa" yìí, ṣùgbọ́n òun ló ru gbogbo ẹrù. Ta ló wà nínú rẹ̀? Ta ni wọ́n fi sílẹ̀ lóde? Ìbéèrè yìí ni mo gbé káàkiri Niamey. N kò gba amọ̀nà. Omi, fìlà, bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, àti ìwé ìtàn díẹ̀ tí mo ti kà sílẹ̀ ló tó mi. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń jáde, nítorí oòrùn ibẹ̀ kò mọ àlejò. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ rìn ín, ọ̀nà tí mo gbà rèé, àti ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan.

Etí odò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní etí odò, ní ẹsẹ̀ afárá Kennedy. Odò Ọya wa náà ni. Niamey ló ń kọjá kí ó tó dé Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja. Àwọn Zarma àti Songhai ń pè é ní Isa. Hausa ń pè é ní Kwara, orúkọ tí ìpínlẹ̀ àwọn ará Ìlọrin àti Ọ̀fà ń jẹ́ lónìí. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró síbí kò tíì jìnnà sílé tó bó ṣe rò.

Ẹ má retí òkúta ìrántí níbí o. Ìtàn ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1899, nígbà tí abúlé àgbẹ̀ àti apẹja ṣì ni ibi tó di Niamey, ikọ̀ ológun Faransé tí Paul Voulet àti Julien Chanoine darí kóra jọ ní Sansanné-Haoussa, létí odò yìí kan náà, ní apá òkè Niamey. Paris rán wọn lọ sí adágún Chad. Wọn kò gbé oúnjẹ tó pọ̀ dání. Ẹni tí wọ́n bá bá lọ́nà ni yóò bọ́ wọn. Ìlú tó bá sì ṣe tìkọ̀, iná ni. Ní oṣù Igbe, Sarraounia, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn Azna, bá wọn jà ní Lougou. Ní oṣù Ẹ̀bìbí, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Birni N'Konni. Nígbà tí ìròyìn dé Paris, wọ́n rán ọ̀gágun Klobb pé kí ó lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Voulet ní kí wọ́n yìnbọn lù ú, ó sì kú ní ọjọ́ 14 oṣù Agẹmọ, ọjọ́ tí Faransé ń ṣe àjọ̀dún orílẹ̀-èdè wọn. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn sójà tiwọn fúnra wọn pa Voulet àti Chanoine.

Ibojì àwọn méjèèjì ṣì wà ní Maijirgui. Femi Nylander, akéwì ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Ìlú Ọba, tọ ọ̀nà tí ikọ̀ náà gbà nínú fíìmù African Apocalypse tó jáde ní 2020, ó sì dé ibẹ̀. Ẹ rò ó wò: ibojì apànìyàn ṣeé fi ọwọ́ tọ́ka sí, àwọn tó pa kò ní orúkọ kankan nínú ìwé. Ní 2025, Faransé sọ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé òun ṣe tán láti bá àwọn aláṣẹ Niger sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò gbà pé ẹ̀bi òun ni.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí kò dùn ún sọ ní gbàgede. Àwọn aláwọ̀ funfun tó wà nínú ikọ̀ yẹn kò pé mẹ́wàá. Adúláwọ̀ ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún sójà tó mú ìbọn, adúláwọ̀ sì ni àwọn tí wọ́n fi tipá mú láti ru ẹrù, tí púpọ̀ nínú wọn kú sójú ọ̀nà. Bí a bá ní "àwọn òkú wa", ṣé alẹ́rù tó ṣubú ni, ṣé sójà tó yìnbọn ni, àbí ará Konni tí ìbọn bà? Èmi gbà pé gbogbo wọn ni. Ṣùgbọ́n a kò lè dà wọ́n pọ̀ sínú agbada kan ṣoṣo, kí a sì fi ọ̀rọ̀ méjì bò ó.

Orí afárá

Ẹ gun orí afárá. Ọdún 1970 ni wọ́n ṣí i. Yunifásítì wà ní òdìkejì odò, ìjọba sì wà ní apá ibi tí ẹ ti ń bọ̀, nítorí náà bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ fi ẹ̀hónú hàn fún ìjọba, àfi kí ó kọjá lórí omi. Ní ọjọ́ 9 oṣù Èrèlè, ọdún 1990, wọ́n ń bọ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó rántí Nàìjíríà ọdún 1989: ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, SAP, tó ń gé owó ẹ̀kọ́ kù, tó sì ń ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ àwọn tó jáde. Àwọn agbófinró dúró dè wọ́n lórí afárá, wọ́n yìnbọn. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kú.

Ikú mẹ́ta yẹn wà lára ohun tó mi ìjọba Ali Saïbou títí ó fi gbà kí àpérò gbogbogbòò wáyé ní 1991, èyí tó ṣínà fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Niger ń rántí ọjọ́ 9 oṣù Èrèlè. Ajẹ́rìíkú ni wọ́n ń pe àwọn òkú náà. Wọn kò kú sójú ogun o, wọn kò sì kú lọ́wọ́ òyìnbó. Ìbọn orílẹ̀-èdè wọn ló pa wọ́n. Bí ẹ bá ń rin ìrìn yìí, ẹ má fò wọ́n. Nínú òfin Bubandey Batama, "aráàlú láti ìgbà ìmúnisìn títí di òní" ni àwọn náà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba tó kọ gbólóhùn yẹn gbà bẹ́ẹ̀.

Igi kan nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

Láti afárá, ẹ gòkè lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama, ní àfonífojì Gounti Yéna. Àfonífojì yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn: òun ló pín àdúgbò àwọn òyìnbó, Plateau, níyà kúrò lára àdúgbò àwọn ọmọ ilẹ̀. Boubou Hama, òpìtàn àti olóṣèlú, ló dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sílẹ̀ ní 1959, ó sì fi í síbẹ̀, láàrin méjèèjì.

Nínú ọgbà náà ni igi gbígbẹ kan wà tó wá láti aṣálẹ̀ Ténéré. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni, ó dá nìkan wà láìsí igi mìíràn nítòsí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, àwọn oníràkúnmí a sì máa fi í dá ọ̀nà mọ̀. Ní 1973, awakọ̀ akẹ́rù kan fi ọkọ̀ gbá a lulẹ̀, nínú aṣálẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Bélú ọdún náà, wọ́n kó ohun tó kù lára rẹ̀ wá sí Niamey, wọ́n sì ṣe ibùjókòó fún un. Wọ́n ri ère onírin sí ibi tó ti ṣubú.

Mo dúró níwájú igi yìí pẹ́. A mọ ibi tó gbé, a mọ ọdún tó kú, a mọ ohun tó pa á. Orílẹ̀-èdè tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún igi mọ bí a ti ń ṣèrántí. Kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti ṣe é fún ènìyàn.

Ọwọ̀n tó pààrọ̀ orúkọ

Ẹ dé ibi Bubandey Batama wàyí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti àwọn tó ni í tẹ́lẹ̀. Nínú ogun ọdún 1914 sí 1918, Faransé kó adúláwọ̀ tó súnmọ́ 200,000 wọ iṣẹ́ ológun, bíi 30,000 nínú wọn kò sì padà wálé. Tirailleurs sénégalais ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ ọmọ Niger, ọmọ Mossi, ọmọ Dahomey tàbí ọmọ Senegal. Àwọn kan fínnúfíndọ̀ lọ. Púpọ̀ ni wọ́n mú lọ ní tipátipá, tí olóyè ìlú fi wọ́n ṣe iye tí òyìnbó bèèrè.

Àwa Yorùbá kò sí lẹ́yìn odi ìtàn yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú ti kọ ọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá pé nígbà tí Faransé ń wá sójà ní ìhà Kétu àti Ọ̀họ̀rí, ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù wọn lóru, wọ́n sì rékọjá sí Nàìjíríà. Àwọn Ọ̀họ̀rí tilẹ̀ gbé ìjà ko Faransé. Ní Niger náà, ọdún 1916 kò tíì parí tí Kaocen fi ká àwọn Faransé mọ́ inú Agadez, oṣù Ẹrẹ̀nà 1917 ni wọ́n tó rí wọn yọ. Bí a bá wò ó dáadáa, ogun kan náà ló pa ẹni tó lọ jà ní Verdun àti ẹni tó kọ̀ láti lọ. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló ní ọwọ̀n.

Àní, ẹni àkọ́kọ́ yẹn pàápàá kò jẹ oyin. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, àwọn sójà tó ti Yúróòpù dé bèèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ìbọn ni Faransé fi dá wọn lóhùn. Wọ́n ní ènìyàn 35 ló kú. Àwọn òpìtàn púpọ̀ gbà pé iye náà jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọdún 2024 ni Faransé tó fún mẹ́fà nínú wọn ní oyè "ẹni tó kú fún Faransé". Ní 1959, kí òmìnira tó dé, wọ́n ṣe òfin tó mú kí owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà ilẹ̀ Áfíríkà dúró sójú kan, nígbà tí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Faransé ń gòkè. Ó di ẹ̀yìn tí fíìmù Indigènes jáde ní 2006 kí ojú tó tì wọ́n díẹ̀.

Nítorí náà, èmi ò bá àwọn tó ń sọkún orúkọ àtijọ́ yẹn sọkún. Orúkọ tuntun náà sàn jù. Ó jẹ́ ti èdè ilẹ̀ náà, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ará Konni, fún alẹ́rù, fún ará Agadez. Àmọ́ ilẹ̀kùn tó gba gbogbo ayé lè má gba ẹnì kan. Bí ọwọ̀n bá jẹ́ ti gbogbo òkú, ó rọrùn fún ìjọba láti dúró níwájú rẹ̀ láìdárúkọ òkú kankan.

Djibo Bakary àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ rìn gba Òpópónà Djibo Bakary. Ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ di olórí ìlú Niamey tí wọ́n dìbò yàn, ní 1956. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Sawaba, ọ̀rọ̀ Hausa tó túmọ̀ sí ìtura. Nígbà tí de Gaulle bi àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé ní ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, 1958, bóyá wọ́n fẹ́ wà pẹ̀lú òun, Bakary ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ dìbò "Rárá". Guinea nìkan ni "Rárá" ti borí. Ní Niger, àwọn aláṣẹ Faransé fi gbogbo agbára dojú ìbò náà kọ ọ́, ìjọba bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1959. Ó sá lọ sí ìgbèkùn. Pé orúkọ rẹ̀ ló wá gba ipò de Gaulle, ọ̀rọ̀ náà ní ẹwà tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn Sawaba kò tán síbẹ̀. Ní 1964, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà gbé ìbọn wọlé láti òdìkejì ẹnubodè, wọ́n fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ Hamani Diori. Apá wọn kò ká a. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sọ ọ̀pọ̀ sẹ́wọ̀n, àwọn kan sì kú síbẹ̀. Akọ̀wé kékeré, télọ̀, awakọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀gá ti gba òpópónà. Kí ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbà? Ìjọba Niger tó ti gba òmìnira ló pa wọ́n, kì í ṣe Faransé. Ibí gan-an ni "wa" ti máa ń há sí ìjọba lọ́nà ọ̀fun.

Ogun tí kò jà

Pápá ìṣeré Seyni Kountché kì í ṣe ibi ìrántí ogun, ṣùgbọ́n mo ní kí ẹ yà síbẹ̀, pàápàá bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Agẹmọ, 2023, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí àwọn ológun lé Ààrẹ Mohamed Bazoum, ECOWAS fún wọn ní ọjọ́ méje láti dá a padà, ó sì ní òun lè lo ìbọn bí wọn kò bá gbọ́. Ààrẹ wa, Bọ́lá Tinúbú, ni alága àjọ náà nígbà náà. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń fún Niger. Nígbà tí gbèdéke pé ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò kún pápá yìí, wọ́n ń kọrin ìjà.

Ogun náà kò jà. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, àwọn aṣòfin àgbà wa ní Abuja ti ní kí Ààrẹ wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ọmọ ogun bá gba ọ̀nà Sókótó, tí wọ́n kọjá ẹnubodè Illela, ìlú àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bá ni Birni N'Konni. Bẹ́ẹ̀ ni, Konni ti ọdún 1899. Adúláwọ̀ tún ìbá gbé ìbọn wọ ibẹ̀ nítorí àṣẹ tó wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní ọjà Niamey ìbá sì wà láàrin iná méjì. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọwọ̀n fún ogun tí kò jà, ṣùgbọ́n ó yẹ ká rántí pé ó kù díẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú

Ibi tó kẹ́yìn jìnnà, ẹ wọ tákísí. Orúkọ Diori Hamani ni pápákọ̀ òfurufú náà ń jẹ́, ààrẹ tí Kountché fipá lé ní ọjọ́ 15 oṣù Igbe, 1974. Ìyàwó rẹ̀, Aïssa, kú lọ́jọ́ náà. Ní pápákọ̀ yìí ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ti yìnbọn pa Ààrẹ Ibrahim Baré Maïnassara ní ọjọ́ 9 oṣù Igbe, 1999. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ibùdó ọmọ ogun òfurufú 101. Ibẹ̀ ni wọ́n sin àwọn sójà 71 tí àwọn agbésùmọ̀mí pa ní Inates ní oṣù Ọ̀pẹ 2019. Oṣù kan kò tíì pé sí i nígbà tí 89 mìíràn kú ní Chinagodrar. Ibùdó ológun ni, ẹ kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ dúró díẹ̀ lójú títì, ẹ má yọ kámẹ́rà.

Mo ronú nípa nọ́ḿbà 71 yẹn títí. Àwa Yorùbá kì í ki òkú lápapọ̀. Bí a bá fẹ́ ki ẹnì kan, a ó bèèrè ọmọ ta ni, ará ibo ni, kí ni ìran rẹ̀ ń jẹ, èèwọ̀ wo ni wọ́n ní. Oríkì kì í gba "àti àwọn yòókù". Egúngún pàápàá, ti ilé kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ. Nígbà tí a bá ti sọ òkú di iye, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé rẹ̀ nìyẹn.

Kò yẹ kí n ṣe bí ẹni pé ilé tiwa mọ́. Ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni Nàìjíríà ń rántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. A tú ẹyẹlé sílẹ̀, a fi òdòdó lélẹ̀. Títí di òní, ìdílé tí ọmọ wọn kú lábẹ́ àsíá Biafra kò mọ̀ bóyá òdòdó yẹn kan àwọn. Àwa náà ní "wa" tí a kò tíì túmọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ní Niamey kò pọ̀. Kí wọ́n fi orúkọ Bubandey Batama sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ènìyàn sí i: ti tirailleur tí ìwé Faransé ṣì ní lọ́wọ́, ti alẹ́rù àti ará Konni tí àwọn àgbà ibẹ̀ bá ṣì lè dárúkọ baba ńlá rẹ̀, ti ọmọ Sawaba, ti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta orí afárá, ti ọmọ ogun Inates. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni, yóò sì máa bí ìjọba kan nínú, ìjọba òní tàbí ti ọ̀la. Ibi tó bá ti ń bí i nínú ni kí wọ́n ti mọ̀ pé ọwọ̀n náà ti ń ṣiṣẹ́.